Gìràtúja

Páálí náà dé láti Bẹrẹ́ṣíà sí Àgọ́-Ìwòyè
lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ ń bó gbogbo wa létè.
Mutiátù ló fi ránṣẹ́ sí ìyá wa:
irin pẹlẹbẹ kan, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja,
ihò wínníwínní lára rẹ̀, eyín lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan.
Ó fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí: gìràtúja.

Ìyá wa yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"
Mo ní wàràkàṣì ni wọ́n ń fi í rin,
wàràkàṣì tó le bí ẹsẹ̀ àga.
"Orúkọ yìí ńkọ́? Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo pe Mutiátù.
Ó ní arúgbó tí òun ń tọ́jú ti là á yé òun:
gìràtáre ni kí èèyàn họ ara.
"Ṣé kí n máa fi họ ẹ̀yìn ni?"

Ó tún ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tìran wọn.
Ará òdìkejì òkè ló fi yá wọn;
àwọn yẹn náà, lọ́wọ́ ará igbó òtútù ni wọ́n ti gbà á,
àwọn tó jọ pé èékánná ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ìyá wa rẹ́rìn-ín.
Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa tirẹ̀ yọ:
agolo mílíìkì tó tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Ọdúnúgà,
ìṣó tí bàbá wa mú nínú àpótí káfíńtà, tí kò dá padà,
pákó fèrèsé tó ti já.
"Ẹni tó tọrọ agolo
kò gbọdọ̀ fi ẹni tó yá ọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín."

Rin ewùrà.
Rìn dé ìlú òyìnbó.
Rín ẹni tí irin gé lọ́wọ́.
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ta ló yá wa ní rin?"
N ò mọ̀. Mutiátù ò mọ̀.

Ó dán tuntun wò. Ewùrà kúnná bí ògì.
Ikọ́kọrẹ́ tí kò ní kókó!
"Ẹ gbé e kọ́ síbi tí àlejò á ti rí i."
Ó gbé agolo lé itan,
ó ti ewùrà lọ, ó fà á bọ̀,
àpá mẹ́ta lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

A ti gbàgbé fóònù sórí àpótí.
Ohùn kékeré kan ti inú rẹ̀ jáde:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á.
Ẹ gbé e sún mọ́ ìyẹn."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́.
Kàrà. Kàrà. Kàrà.