Ẹnu Ọ̀nà Erékùṣù

Orí tábìlì ìdáná la tẹ́ máàpù sí,
mo fi ife tẹ igun kan, o fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ èkejì.
Oṣù kejì ọdún la wà. Níta, òkun ti dì
bí ọ̀rá inú ìkòkò ọbẹ̀ àná,
ológbò Gunvor sì ń rìn lórí rẹ̀ lọ sí èbúté
bí ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀.

Evert, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo fi kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọdá.
Ìwọ lò ń so okùn, ìwọ lò ń tú u,
ìwọ lò ń juwọ́ sí wọn: ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó.
Àwọn ará Jámánì tí oòrùn ti sun itan wọn pupa,
tọkọtaya tó ti jà láti ìdájí tí wọn ò wojú ara wọn,
ọmọ kékeré tó sùn lọ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ìpápánu lẹ́nu.
O mọ ẹnu ọ̀nà gbogbo erékùṣù.
O ò mọ yàrá kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n gba fìlà iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ,
wọ́n fún ọ ní kéèkì àti aago tí kò ṣiṣẹ́.
Lónìí o ní, "Alfhild,
kí ló wà lẹ́yìn òkè Föglö yẹn gan-an?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo rí i
pé ìwọ kò rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Mú bírò.
Oṣù kẹfà ni, nígbà tí oòrùn kì í sùn dáadáa,
tó kàn ń gbórí lé etí òkun
bí àgbàlagbà tó dijú tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé.
Ọjọ́ kìíní: má kọ ogójì kìlómítà,
orúnkún rẹ ń gbọ́. Kọ ogún.
Ọjọ́ kejì, Kumlinge: ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ya ẹni mímọ́ sára ògiri rẹ̀,
mo fẹ́ jókòó níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi yóò fi dákẹ́.
Ọjọ́ kẹta, má kọ nǹkan kan. Fi í sílẹ̀ fún òjò.

Kẹ̀kẹ́ Ulrika wà nínú àká, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà,
ẹyẹ kan ti yé ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀ níjọ́sí,
ìtẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀; n kò ní kó o.
Tìrẹ la máa rà. Má ra aláwọ̀ ewé.
Kí o sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wa kì í ti ènìyàn lẹ́yìn,
iwájú ló ń dúró sí, bí àna tí a jẹ ní gbèsè.

Ibi tí a ti ń jiyàn lórí tẹ́ǹtì ni kọfí dà,
ó ta sáàárín Sottunga àti Kökar,
ó di erékùṣù tuntun, pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ rí wúruwùru.
O fi bírò yí i ká. O kọ orúkọ mi sí i.
"Ọkọ̀ wo ló ń lọ síbẹ̀?"
"Kò tíì sí."

Ìgbà náà lo béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ láti àárọ̀:
lórí ọkọ̀, ta ni yóò so okùn?
Jonatan ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún.
Yóò juwọ́ sí ọ pé máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó,
o máa dúró níbi tó bá ní kí o dúró,
a ó sì san owó wa bí àlejò.

O dákẹ́. O ń fi èékánná ha etí máàpù.
Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé;
àwa tí àjò wa ò kúrò nínú ilé ńkọ́?

"Ó máa so ó lódì," lo wí.
Bóyá. Jẹ́ kó so ó lódì.
Gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ, kọfí ń ṣàn bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ.