Fóònù Pupa Lẹ́yìn Bẹ́ǹṣì

Ọjọ́ tí mo tọwọ́ bọ̀wé
ni wọ́n kan fóònù pupa mọ́ ògiri lẹ́yìn bẹ́ǹṣì wa.
Mo bi í pé ta ni yóò máa pè.
Hrabovec rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ni ín ni."

Ọ̀gá ni Vendelín Hrabovec, mi ò jiyàn.
Sọ́séèjì rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù títí dé ẹnubodè Poland,
àwòrán ojú rẹ̀ wà lára ọ̀rá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹran.
Òun ló ń sanwó yìnyín tí à ń gbá họ́kì lórí ẹ̀,
òun ló ń sanwó iná tó ń tàn sí yìnyín náà,
òun ló ra bàtà abẹ fún ọmọkùnrin mẹ́tàlélógún.
Ṣùgbọ́n ó gbé àdá fún mi, ó di èkù rẹ̀ mú;
bí mo bá ní kí n ṣánko, á ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìsinmi àkọ́kọ́, fóònù á dún.
"Yọ Šimčík. Kì í sáré."
Šimčík, asọ́lé! Níbo ni kí asọ́lé sáré lọ?
"Fi Tibor sí i." Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni Tibor,
ọmọ dáadáa, ó mọ èèyàn kí,
àmọ́ bí róbà dúdú yẹn bá ti ń bọ̀,
ńṣe ló ń yà fún un bí ẹni yà fún àlejò.
Mẹ́fà la jẹ ní Poprad.
Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó fọhùn.
Yìnyín ń lu gíláàsì, ẹnì kan ń bó ọsàn;
òórùn ọsàn yẹn nìkan ni mo fi ń rántí oṣù Ṣẹẹrẹ.

Ìyàwó mi ní, "Drahoš, fi í sílẹ̀, ìyà kì í ṣe oyè."
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé pé mo ń lọ,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí ìwé náà padà
tí mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ya ibi tí Šimčík yóò dúró sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo padà lọ mú fìlà tí mo gbàgbé.
Iná kan ṣoṣo ló ń tàn.
Hrabovec ló wà lórí yìnyín,
ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kóòtù onírun lọ́rùn,
bàtà abẹ àtijọ́ lẹ́sẹ̀, awọ rẹ̀ ti sán,
ó di ọ̀pá mú bí ẹni tí àgbàrá ń gbé lọ ṣe ń di ẹ̀ka igi mú.
Ó gbá róbà sí ilé tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.
Kò wọlé.
Ó ṣubú, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́.
Mo gbọ́ ohun tó ń sọ, pẹ̀lú ohùn
asọ̀ròyìn eré orí rédíò ìgbà èwe wa:
"Hrabovec gbá a! Hrabovec!"
Mo fi fìlà sílẹ̀. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ má rò pé àánú wo nǹkan kan sàn.
Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ò tíì bu omi mu tí fóònù fi dún.
"Yọ Šimčík."
Mo gbójú sókè, síbi gíláàsì tó máa ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀.
Mi ò rí olówó níbẹ̀. Ọmọdé kan ni mo rí
tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ.
Mo ní, "Ọ̀gá, Šimčík ò kúrò níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ wá lọ́la, aago méje àárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé.
Apá nìkan lẹ fi ń gbá a. Ẹ kì í tẹ orúnkún."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú wáyà
títí rẹfirí fi fọn fèrè.
Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"
Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹ ń bèèrè bóyá a borí. Méjì sí méjì ni.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n ti lé mi.
Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń kọ èyí, lórí bẹ́ǹṣì,
bàtà abẹ mi ti wà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Nǹkan kan dún lẹ́yìn mi.
Kì í ṣe fóònù.