Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní.
Mo ti wá a níbẹ̀ títí,
láti iléèwé ní Òkè-Onígbin
dé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì n'Ílọrin.
Bí mo bá wo ojú ẹni, ọ̀rọ̀ á fò lọ
bí ọ̀wọ́ ẹ̀gà tí wọ́n sọ̀kò sí.
Bí mo bá wo ògiri,
gbogbo ohun tí o wí á wọlé, á jókòó,
kò ní í jáde mọ́.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń to fáìlì.
Bi mí ní ti Làtínwọ̀, ará Ìgbàjà, tíṣà àná.
Màá ní: ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́tàdínlógún,
pẹpẹ kẹrin, lápá fèrèsé;
wọ́n ṣi ọdún tó wọṣẹ́ kọ,
owó ọdún mẹ́ta ló wọmi.
Èmi ni mo rí i.
Ẹlòmíràn ló gbọpẹ́.

Àárọ̀ ni ogun mi.
Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo rò pé ó tán.
Kò tíì tán: ọmọ ńkọ́, iná ńkọ́, òjò àná ńkọ́,
ẹ̀rín díẹ̀, kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, mo ń há a sórí.
Síbẹ̀ Alhájà Múhíbátù, ọ̀gá wa, ní mo gbéraga.
Iná gbọọrọ òkè àjà ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò;
àwọn yòókù ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan.
Mo fi òwú dí etí.
Wọ́n ní àwọn ni mò ń fi ṣẹ̀sín.

Dókítà kan ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi
nígbà tí mo pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n: ọ́tísíìmù.
Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé Gáà-Àkàńbí.
Ẹni tó ń wà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣòfò ni?"
Mo ní rárá, mo he nǹkan ni.

Mo gbé ìwé dókítà dé ọ́fíìsì.
Alhájà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a.
Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé tábìlì mi lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀,
wọ́n ní kí n lè rí ibi tó dákẹ́ jókòó.
Ẹni tó sọ ọ́ kò rẹ́rìn-ín.
N ò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Nígbà tí àyè ìgbéga ṣí,
àwọn mẹ́ta jókòó, wọ́n ní kí n wo àwọn lójú.
Mo wo aago.
Mo ní, "Aago yín fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wà lẹ́yìn."
Òótọ́ ni.
Lẹ́tà dé: ẹni yìí ò yẹ nípò tó ń bá ará ìlú pàdé.
Sàláúdéẹ̀n ni wọ́n gbé ipò náà fún.
Lọ́sọ̀ọ̀sán ló ń yọ́ wá bi mí:
níbo ni fáìlì báyìí wà?
Mò ń sọ fún un.
N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ní àwọn ò mọ̀
ohun tí wọ́n mọ̀.

L'Ọ́jọ́bọ̀ Bàbá Làtínwọ̀ dé.
Ojú wọn ti fọ́ láti èṣí.
Wọ́n fi ọ̀pá wá ọ̀nà kọjá Sàláúdéẹ̀n àti ẹ̀rín rẹ̀,
wọ́n ń béèrè ohùn kan
tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀.
"Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ nìyẹn?"
A fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ka iye tó kù, kọ́bọ̀ kan ò yẹ̀.
Bàbá ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní."
Ọ̀tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé àwàdà ni.

Lálẹ́ mo kọ lẹ́tà tèmi, ojú ìwé méjì.
N ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọjọ́, mo kọ orúkọ,
mo kọ iye ẹsẹ̀ bàtà láti tábìlì mi dé jẹnẹrétọ̀.
Láàárọ̀ Jímọ̀ mo gbé e dé iwájú Alhájà
pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí.
Mo kúnlẹ̀. Ọmọ ńkọ́, òjò àná ńkọ́.
Ó ní, "Wò mí lójú."
Mo na ìka sí ojú ìlà tí ó ń dúró dè é.
"Ẹ fọwọ́ sí i, mà. Ẹ kọ aago tí ẹ gbà á.
Tiyín yẹn ní mẹ́jọ géérégé.
Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin lé e."