Ìwọ̀n Ẹṣin

Ìbòrúnkún àkọ́kọ́ tí mo rà dé ojúgun, ó kọ̀.
Mo fà á bí ẹni ń fa ṣòkòtò ọmọdé wọ àgbà,
okùn rẹ̀ já tàù, irin rẹ̀ ta wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
títí di òní n kò rí i.
Èkejì wọ̀ o, a ò ní purọ́ mọ́ ọn,
ṣùgbọ́n kí n tó ka ení dé èjìlá
gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti kú.
"Kò sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ,"
ni ọmọ ìsọ̀ wí lójú ọ̀nà Táíwò,
ó ń wo itan mi bí ẹrù tí kò ní wọ búùtù.
"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ kúkú máa rìn nílẹ̀."

Mo rìn nílẹ̀. Láti Táńkẹ̀ dé Ìpàta, mo rìn.
Ẹsẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi ni,
obìnrin Òkè-Òdè tó ń ru iṣu gun òkè, tó ń rù ú sọ̀ kalẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí
pé síìsì mélòó ni orúnkún rẹ.

Sóbí sì ń dúró.
Ní ìhà tí oòrùn ń wọ̀ sí, àpáta kan là sí méjì,
àwa tí a ń gùn ún ń pe ibẹ̀ ní Ẹnu Ìyá Àgbà,
nítorí kò léyín, síbẹ̀ ó ń jẹ awọ ara.
Kò sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú.
Orúnkún lo máa tì bọ̀ ọ́, kí o fi há a,
kí apá sinmi díẹ̀ kí o tó nawọ́ sókè.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ara lásán tì í,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé orúnkún bí ata lílọ̀ padà sílé.

Yìnúsà ló ní, "Bàbá Ńdàgí ní Gámbàrí ńkọ́?"
"Èyí tó ń rán gàárì? Ṣé ẹṣin ni mí?"
"Ṣáà lọ."

Bàbá ju okùn ìwọ̀n sí Sàfúrátù ọmọ rẹ̀,
ó kọjú sí ògiri.
Ọmọ wé e mọ́ mi nítan, ó ta kókó,
ó wé e mọ́ ojúgun, ó tún ta kókó,
ó na okùn sí bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn.
"Ó pọ̀," mo wí, bí ẹni jẹ gbèsè.
"Kí ló pọ̀?" Ògiri ló ń bi.
"Ogójì ọdún tí mo ti ń rán gàárì,
kò sí ẹṣin tó tíì bẹ̀ mí nítorí ikùn rẹ̀.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Lọ mú rọ́bà inú táyà wá. Ti tírélà o,
ti ọ̀kadà ò ní tó."
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lé awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sá.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo gbà á:
awọ àgùntàn nínú, rọ́bà dúdú lóde,
ìdè ìjánu mẹ́ta lẹ́yìn.
Ó ń rùn bí ilé ẹṣin, ó tún ń rùn bí ìsọ̀ fọkanáísà.
Iye owó rẹ̀, n kò ní sọ, ìyá mi lè gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ mú,
mo ti orúnkún bọ Ẹnu Ìyá Àgbà.
Yìnúsà ẹlẹ́sẹ̀ lékèélékèé,
tí àlàfo yìí kì í gbà, tó máa ń yọ̀ bọ́ ni,
di okùn mi mú nísàlẹ̀, ó ń ké, "Há a! Há a!"
Ó ti há. Gbágbá.
Mo tú ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀.
Mo dúró díẹ̀. Mo tú tòsì.
Ìlọrin tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, páànù lórí páànù tó ti dípata,
imú sì ti ń yún mi láti ìsàlẹ̀ wá.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì họ ọ́,
n kò kánjú.