Fódà Inú Fódà

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń pa á rẹ́
ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ọ́ńdà-Jí, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Fódà wọnú fódà, òun náà tún lóyún fódà.
Kọ̀ǹpútà ní orúkọ rẹ̀ gùn jù,
òun ò lè pè é tán.

Ta ló to èyí? Oyèdìran ni,
ọmọ tó ń bá mi tẹ̀wé, tó sá lọ sí Ìbàdàn:
"Ìwé-Tuntun", "Ìwé-Tuntun-Gan-an",
"Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án".

Iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀.
N ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́;
ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bẹ̀rẹ̀,
mo ń gé orúkọ kọ̀ọ̀kan ku "a".
Ó rọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn kò ṣófo.
Lẹ́tà kan ló wà níbẹ̀, kò parí:
"Ọ̀gá mi, nípa owó oṣù Ẹrẹ́nà"