Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Bí aago méje àbọ̀ bá ti lé díẹ̀ láàárọ̀,
mo máa ń pa ẹ̀rọ ìlọta mi.
Ata wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì kúnná.
Ẹ ń wò mí, ẹ ń wo ẹ̀rọ,
ẹ ní, "Bàbá Ṣàkírù, ṣé epo ló tán ni?"
Epo ò tán. Ẹ dúró ná. Ọmọ kan ń bọ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni yóò ti yọ,
ọwọ́ rẹ̀ kan nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀,
èkejì bò ó létí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ etí gọ́tà, etí gọ́tà nìkan,
láti Ayétòrò títí dé iwájú mi.
Ọláníhùn lorúkọ rẹ̀.
Ìyá-bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ.
Ọdún keje rèé, kò tíì sọ gbólóhùn kan.
Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ pa orúkọ dà. Ó kọ̀.
Ó ní orúkọ ọmọ òun kì í ṣe gbèsè
tí ẹnikẹ́ni yóò máa sin ín.

N ò ní purọ́ fún yín.
Èmi náà wí.
Orí bẹ́ńṣì yìí ni mo jókòó sí tí mo ní
wọ́n ti kẹ́ ọmọ yẹn bà jẹ́ ni, wọn ò nà án.
Ọjọ́ tó kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi,
tó ń forí gbálẹ̀,
ńṣe ni mo tún tẹná mọ́ ọn,
kí ariwo lè bo ariwo.
Títí dòní, bí mo bá rántí,
ata a máa ta mí lójú
lọ́jọ́ tí n ò lọ ata.

Ṣífáwù aránṣọ ló pè mí jókòó.
Ọmọ tirẹ̀ ti lé lógún ọdún, ó ń ṣa bọ́tìnnì
láwọ̀láwọ̀ sínú agolo mílíìkì.
Ní Ọjọ́bọ̀, Ṣífáwù a máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kùtù ọ̀sán:
ìyá mẹ́fà, bàbá kan ṣoṣo láti Òkè-Báálẹ̀.
Wọn kì í bi ara wọn pé kí lo jẹ nínú oyún.
Ẹnì kan á ṣọ́ ọmọ ẹnì kejì
kí ìyá rẹ̀ lè sùn fún wákàtí kan
lórí òkìtì ègé aṣọ.
Ó ní, "Bàbá Ṣàkírù, owó kọ́ la wá gbà.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, láràárọ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin!
Mo ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ nídìí à ń wá ṣéńjì àádọ́ta náírà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ti ń ṣú,
ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ọmọ ò sí nílé.
Àdúgbò tú jáde. Ẹni tó fẹ́ kígbe orúkọ rẹ̀,
Ṣífáwù fọwọ́ bò ó lẹ́nu: igbe á lé e jìnnà.
Ṣé ẹ ti rí i rí ní Òṣogbo yìí,
kí odidi àdúgbò máa wá ọmọ
kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ?
Wọ́n da ojú tọ́ọ̀ṣì bolẹ̀.
Àwọn ọlọ́kadà pa iná, wọ́n ń ti ọ̀kadà lọ.
Ládàánì fẹnu lásán pe ìrun Ìṣáì.

Èmi ni mo rí i, ní ojú irin, lẹ́yìn stéṣọ̀n,
ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ka igi abẹ́ irin,
ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kò di etí rárá.
N ò fà á lápá.
Mo jókòó sórí irin títutù, mo ní kó kà á tán.
Ó pẹ́ o.
Nígbà tó kà á tán, ó wá bá mi,
kò wò mí lójú, èjìká mi ló wò, ibi tí ata gbẹ sí.
Ó gbóòórùn aṣọ mi,
ó sì ń kùn lọ́nà ọ̀fun, jẹ́jẹ́, rrrr,
bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lókèèrè.

Orúkọ mi ló pè yẹn.
Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn.

Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti kọjá, wọ́n ti dé ibi igi ódán.
Ó yá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.
Mo fẹ́ tan ẹ̀rọ.