Bọ́tìnì Pupa ní Hexham

Ní agogo méjì òru, yàrá wa ò ju páálí ìṣáná lọ:
àga mẹ́ta, kẹ́tùlù kan tó ń sunkún kó tó hó,
kọ̀ǹpútà, àti àwòrán odò Tyne
tí ẹnìkan lẹ̀ mọ́ ògiri kí n tó dé ìlú yìí.
Ibẹ̀ ni mo ti ń dáhùn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ìdáhùn.
Ẹni tó bá ṣubú ní báluwẹ̀, ẹni tí àyà ń dùn,
á tẹ bọ́tìnì pupa tó fi kọ́ ọrùn,
ohùn mi á sì wọlé tọ̀ ọ́ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

Edna Charlton kì í ṣubú.
Ó ń tẹ bọ́tìnì láti bi mí bóyá òjò ti dá lọ́dọ̀ wa;
nígbà mìíràn, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.
Ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ́ orúkọ mi.
"Ìbídùn," mo ní. "Ibidan," ó ní.
"Ìbídùn, màmá." "Ó dáa, Ibi."
Mo rẹ́rìn-ín mọ́ ọn lórí fóònù.
Ta ni yóò sọ fún un pé nílé wa, a kì í sọ ọmọ ní Ibi?

Ẹyin lohùn. Waya bàbà àtijọ́ ló ń bá wa gbé e kọjá òkè,
waya tó ń gbé iná tirẹ̀ dání rìn:
bí iná gbogbo abúlé bá kú, òun ò kú.
Ìwé wá dé láti London. Ayé waya bàbà ti tán.
Ẹ gbọ́dọ̀ gbé àpótí tuntun sílé gbogbo arúgbó,
àpótí tó ní bátìrì nínú.
Mo kà á. "Ẹ gbọ́dọ̀" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Mo wá pọ́ùn títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, n ò rí ẹyọ kan.
Wọ́n ti ká waya Edna ní tiwọn, kí àpótí kankan tó dé.

Ní oṣù Kọkànlá, ìjì já wálẹ̀ láti orí òkè Cheviot,
iná lọ ní abúlé mẹ́fà,
kọ̀ǹpútà mi sì dákẹ́.
Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí,
ẹ ó rò pé ariwo ló ń dẹ́rù bà wá.
Mo wá Dodd alágùntàn rí, iná ṣì wà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀;
ó gbé katakata jáde sínú yìnyín.
Wákàtí kan àti ààbọ̀. Tíì mi di omi tútù.
Ó bá a lórí àga, kúbùsù mẹ́ta lára, ìbínú lójú:
"Sọ fún Ibi pé ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo tẹ̀ ẹ́."

Mo wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sípàdé Káńsù.
Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo lo méjì.
Ọ̀gbẹ́ni Ridley tó di àpò owó mú kì í ṣèèyàn burúkú.
Ó ṣí ìwé ìṣirò bí ẹni ń ṣí egbò han dókítà:
títì tó dá ihò, ilé ìkàwé tó ń ṣí lọ́jọ́ méjì péré,
ọkọ̀ tó ń kó ọmọ iléèwé.
"Nínú èwo ni kí n ti mú un, ìyáàfin?"
Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín,
àmọ́ ẹ̀rín ò wá. Ọmọ tèmi náà ń wọ ọkọ̀ yẹn.

Wọ́n dìbò. Owó àpótí igba ni wọ́n rí.
Arúgbó irinwó ó lé mọ́kànlá ló wà nínú ìwé wa.
Ọ̀gá mi ní, "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Bá wa to orúkọ."

Agogo méjì òru tún rèé, kẹ́tùlù ń sunkún.
Mo ti kọ orúkọ mẹ́tàdínlógún,
àwọn tó ń ṣubú, àwọn tí ọkàn wọn ń kọsẹ̀.
Edna kì í ṣubú.
Iná pupa tàn.
"Ìbídùn," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún sọ̀,
ó gún régé bí ẹni pé ìyá mi ló kọ́ ọ.
"Ṣé òjò ti dá lọ́dọ̀ yín?"
Mo wo fèrèsé.
Mo ní kò tíì dá.